Ìhágún Waheedah Kí Ó Tó Tún Lọ Ka Ẹyẹ

Ọlọ́run ni mo fi ṣáájú. Èmi, Waheedah Àbẹ̀kẹ́ Balógun, ìyàwó Kàfí, tí ń gbé ní Thamesmead ní ìlú Òyìnbó, ni mo fọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ara mi le, kò sì sí ẹni tó fipá mú mi. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ẹ má wo àṣìkọ.

Mo ń padà lọ sí erékùṣù kan láàrin òkun Pàsífíìkì, yanrìn tó yí ọ̀sà ká bí òrùka. Èmi ni mò ń dáná fún Auntie Veronica àti ẹgbẹ́ wọn tí ń ka ẹyẹ òkun níbẹ̀, mo sì máa ń bá wọn kà. Ọkọ̀ kékeré la fi ń la ìgbì kọjá kí a tó gúnlẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ní kí oníkálukú kọ ìhágún. Kí Kàfí mú tèmi ṣẹ.

1. Fúláàtì tí a ń gbé, káńsù ló ni ín, n kò lè há a fún ẹnikẹ́ni.

2. Kí Bíntù àbúrò mi gba maṣíìnì ìránṣọ mi, àti àwọn ewúrẹ́ mi tó wà lọ́dọ̀ ìyá wa ní Ẹ̀pẹ́. Kí ó má ta abo dúdú nì, ìbejì ló máa ń bí.

3. Awò tí mo fi ń wo ẹyẹ lókèèrè, Kàfí ni mo fún. Létí adágún Birchmere Park la ti pàdé. Awakọ̀ básì ni; ó páàkì básì rẹ̀ láti sinmi, ó bi mí ohun tí mò ń wò. Ojú tì mí, mo kàn na awò náà sí i. Ó dì í mú sódì, ó ní ẹyẹ náà ti rí òun, ó ti sá padà sí ìlú rẹ̀. Mo ti rẹ́rìn-ín kí n tó mọ orúkọ rẹ̀.

4. Ìró òfì aláró mi, kí Mummy Jemilat, ìyá ọkọ mi, gbà á.
(Mo ti fagi lé ìkẹrin yìí. Ìdí rẹ̀ nìyí.)

Inú Mummy kò dùn sí ìrìn àjò yìí. Wọ́n ní ìyàwó tí kò tíì pé ọdún nílé kì í fi ọkọ sílẹ̀ lọ wo ẹyẹ. Wọn ò tilẹ̀ gbé tẹlifóònù mi mọ́. Ó dùn mí, nítorí n kò fẹ́ wọ ọkọ̀ náà láìgba àdúrà wọn.

Kàfí ló wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní erékùṣù náà ní èṣí fún wọn. Mo ṣì ń rí i bí àná: àwọn ẹyẹ funfun tó ń yé ẹyin sórí ẹ̀ka igi lásán, láìní ìtẹ́, tí ẹyin náà kò sì já bọ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan Auntie Veronica wo iye tí mo kà, wọ́n bi mí bóyá àwọn ẹyẹ kò pa ọmọ lápá ibi tí mo lọ. Ọmọ ẹyẹ kún ibẹ̀! Mo fo gbogbo wọn ni. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹnikẹ́ni kì í na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ kí ó máa kà á, àwọn ìyá wọn sì dúró tì wọ́n, wọ́n ń wò mí. Auntie Veronica rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, èmi a ka bàbá àti ìyá, àwọn a ka ọmọ.

Mummy gbọ́ èyí, wọ́n ní ẹni tó tọ́ ọmọ yìí tọ́ ọ dáadáa. Lónìí wọ́n wọ básì láti Woolwich wá. Wọ́n fẹ́ fọwọ́ sí ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n ka ìkẹrin, mo sì ṣàlàyé pé òfin kò gbà kí ẹni tí a há nǹkan fún tún ṣe ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní, "Fagi lé e. Èmi kì í jogún ọmọ. Fún mi ní bírò."

5. Ìró náà wà nínú àpótí. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Èmi ni n óò ró o nígbà tí mo bá dé.

Ọwọ́ mi rèé: Waheedah A. Balógun
Thamesmead, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, 1993

Àwọn tó ṣojú wọn:
Jemilat Balógun, ìyá mi
Veronica Tanner