Omi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tọ́ Wò

Bàbá mi ọ̀wọ́n, aláriwo orí omi, onídàákẹ́ inú ilé,

Inú ń bí mi sí yín. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó máa kí yín kú ọjọ́ mẹ́ta, nítorí tí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, ọkàn mi á rọ̀, màá sì tún gbé ìbínú mi mì bí mo ti máa ń ṣe nígbà tí ẹ wà láyé. Lónìí, n kò gbé e mì.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo máa wọ bàálù. Áyálándì ni mo ń lọ, ìlú kékeré kan létí òkun, níbi tí wọ́n ti gbà mí sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Físà ti jáde. Mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Àgbádárìgì. Àwọn ènìyàn ń kí mi kú oríire lójú ọ̀nà títí ẹnu fi ń ro mí láti máa dáhùn. Wọn kò mọ̀ pé títí di àná, àpótí mi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní òfìfo. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ti kọ lẹ́tà sí wọn lọ́hùn-ún pé n kò wá mọ́, lẹ́ẹ̀mejì ni mo sì pa á rẹ́ kí n tó fi ránṣẹ́.

Kì í ṣe òtútù ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀wù wà fún òtútù. Àwọn onílẹ̀ ni mò ń bẹ̀rù, àwọn tí mo fẹ́ lọ bá nínú ilé wọn.

Ẹ rántí Fúnmi, tí a jọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó máa ń bẹ̀rù ọkọ̀ ojú omi yín débi pé ó máa ń di ẹ̀wù mi mú títí a ó fi dé Topo nílé wa. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wà níbẹ̀. Ó gbohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wáàsápù láti fi múra mi sílẹ̀. Ó ní ìyá arúgbó kan wà tí òun ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún láràárọ̀, ìyá náà sì sọ lójoojúmọ́ fún oṣù kan gbáko pé kí Fúnmi má fi ọwọ́ dúdú yẹn kan òun. Fúnmi ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi kò rí ẹ̀rín rín. Bàbá, kí ni ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Ṣé a máa ń tì í bọ àpò ni?

Àwọn olùdámọ̀ràn kò sì jẹ́ kí n gbádùn. Ìyàwó pásítọ̀ ní kí n máa rẹ́rìn-ín sí wọn dáadáa. Mátíróònù wa ní n kò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín jù, wọ́n á rò pé mo gọ̀. Ọkùnrin kan ní Morogbo tó ń tún fóònù ṣe, tí kò tíì kọjá ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ rí láyé rẹ̀, jókòó, ó tẹ́ ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìwà àwọn òyìnbó fún mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Mo gba fóònù mi lọ́wọ́ rẹ̀ láì tíì tún un ṣe tán.

Ẹnì kan ṣoṣo ló yẹ kí n rí bi. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ dé ìdálẹ̀ nínú ẹbí wa. Ẹ pẹja ní Gàbọ̀n fún ọdún méjì kí wọ́n tó bí mi, gbogbo Topo ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàkigbà tí mo bá bi yín pé báwo ni àwọn ará ibẹ̀ ṣe ṣe sí yín, ẹ ó dìde, ẹ ó ní ẹ fẹ́ lọ wo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì tí kò ṣe nǹkan kan! Ẹ ó sì pẹ́ níbẹ̀ títí n ó fi gbàgbé ohun tí mo bi. Ní kékeré, mo parí èrò sí i pé wọ́n lù yín ni. Mo máa ń fojú inú rí i bí wọ́n ṣe ń fi òkúta lé yín létí òkun. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ìdákẹ́ yín ló sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó sọ ẹ̀rù yìí di ńlá. Ní oṣù tó kọjá, dókítà òyìnbó kan wá kọ́ àwọn agbẹ̀bí wa níṣẹ́, obìnrin ni, ọlọ́yàyà ènìyàn. Ó ní òun fẹ́ rí Topo. Wọ́n ní kí n mú un lọ, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilé mi. Oòrùn mú gan-an lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a dé, mo ní kó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yín lábẹ́ àgbọn. Mo mọ̀ pé kò lè mu omi inú àmù, nítorí náà mo ra omi oníike tuntun, mo ṣí i lójú rẹ̀, mo bù ú sínú ife tánganran aláwọ̀ ewé tí ẹnu rẹ̀ ti bó. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti tọ́ ọ wò. Mo wá kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọwọ́ mi bẹ́ẹ̀. Nílé wa, bó ti rí nílé gbogbo Ègùn tí mo mọ̀, a kì í gbé omi fún àlejò láì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, kó lè rí i pé kò sí ikú níbẹ̀. Mo gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan péré, lọ́jọ́ tí ará Tógò tó ń ta àwọ̀n wá. Ẹ gbá mi létí, ẹ̀yin tí ẹ kì í na ọmọ. Lẹ́yìn náà lẹ bẹ ọkùnrin náà títí ojú fi ń tì í. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà pé nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ lè bí yín nínú tó yẹn.

Mo mọ ohun tó ń jẹ́ kòkòrò àrùn, Bàbá. Mo ti kọ́ àwọn aláboyún bí ẹgbẹ́ mẹ́wàá pé kí wọ́n má jọ máa lo ife kan. Ọwọ́ mi ló ṣáájú orí mi. Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó gbé ife náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé mo ti wọlé lọ mú agbòòrùn, ó da omi náà sídìí àgbọn, ó sì gbé ife padà sáyè rẹ̀ bíi pé òun ti mu ún tán. Mo rí i lójú fèrèsé. A jókòó sínú ọkọ̀ padà sí Àgbádárìgì bí ẹni tó ń lọ síbi òkú.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Bí ó bá jẹ́ pé nílé bàbá mi, níbi tí wọ́n ri ìwọ́ mi mọ́, àlejò lè da omi mi nù, kí ni wọ́n máa ṣe fún mi nígbà tí èmi bá di àlejò lẹ́nu ọ̀nà tiwọn? Ìgbà náà ni oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í korò lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sọ́dọ̀ Tàǹtí Sẹ̀nàmi, àbúrò yín, láti sọ fún un pé n kò lọ mọ́. Ó ń to ẹja gbígbẹ sínú agbọ̀n. Mo sọ ọ̀rọ̀ dókítà àti ife náà fún un, omijé sì ń bọ́ lójú mi. Ẹ mọ ohun tí àbúrò yín ṣe? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi ṣí lórí rẹ̀.

"Jàre, jẹ́ n rẹ́rìn-ín," ló wí. "Yòvó kan da ife omi ẹ nù, o wá ń sunkún? Bàbá ẹ da ti odidi ìlú nù!"

Ó wá sọ gbogbo rẹ̀. Pé nígbà tí ẹ dé Gàbọ̀n, obìnrin onílé tí ẹ fẹ́ wọ̀ sí gbé omi wá fún yín. Kò tọ́ ọ wò. Ẹ wo inú ife, ẹ wo ojú rẹ̀, ẹ ní wọ́n ti fẹ́ fi májèlé pa yín, ẹ sì da omi náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ dé ilé kejì, bákan náà. Kò sẹ́ni tó tọ́ omi wò fún yín ní gbogbo àdúgbò, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn, ìwà ọ̀bùn ni kí ènìyàn fẹnu kan omi àlejò. Ẹ̀yin ti sọ fún àwọn tí ẹ jọ dé pé apànìyàn ni gbogbo wọn. Omi òjò tó ń kán láti orí páànù lẹ ń mu. Nígbà tí òjò dá, ẹ ò rí nǹkan kan mu mọ́, ètè yín là, ẹ sì dákú sórí àwọ̀n létí òkun. Nígbà tí ẹ lajú, yàrá obìnrin tí ẹ da omi rẹ̀ nù lẹ wà, ó ń fi ṣíbí bu omi sí yín lẹ́nu.

Ará ilé kan, Ègùn bíi tiwa, ló ṣàlàyé àṣà wa fún obìnrin náà. Láti ọjọ́ náà, Tàǹtí ní, kò gbé omi fún yín rí láì tọ́ ọ wò. Á mu díẹ̀, á di àyà mú, á ṣubú lulẹ̀ bí òkú, á tún dìde, á sì gbé ife fún yín, gbogbo agbo ilé á máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún méjì. Nígbà tí ẹ ń bọ̀ wálé, ó gbé ife náà fún yín. Ife tánganran aláwọ̀ ewé.

Mo bi Tàǹtí pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. "Òun ló ní n má sọ," ó fèsì. "Ó ní ẹ̀yin ọmọ ò ní bẹ̀rù òun mọ́."

Ẹ̀rù! Nítorí ẹ̀rù yín tó gbọ́dọ̀ máa bà mí, ẹ jẹ́ kí n fi gbogbo ayé mi kórìíra àwọn tí kò ṣẹ̀ yín. Mo bínú sí obìnrin tó fa ẹ̀mí yín padà. Mo bá a jà nínú ọkàn mi ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá dìde lọ wo ẹ́ńjìnnì. Kí ni ì bá ná yín láti jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ẹ ní, ọmọ mi, èmi ni mo ṣẹ àwọn onílẹ̀? Ṣé Ìyá wa mọ̀? Àti rédíò Faransé yẹn tí ẹ máa ń fi sétí, tí ẹ ń mi orí, tí ẹ kò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ níbẹ̀, kí gan-an lẹ ń wá? Ṣé ẹ ń retí pé ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ ni?

N kò sọ pé ìtàn yín ti pa ọ̀rọ̀ ìyá arúgbó Fúnmi rẹ́. Ó dá mi lójú pé èmi náà á pàdé ẹni tí kò ní fẹ́ kí n fọwọ́ kan òun, á sì dùn mí, n kò ní ṣe bí ẹni pé kò dùn mí. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ojú ẹnì kan nínú wọn, mo ti dá gbogbo wọn lẹ́bi. Láti Àgbádárìgì níbí ni mo ti ń da omi wọn nù. Dókítà yẹn náà, ǹ bá ti jókòó tì í kí n ṣàlàyé fún un, bí ará ilé yín ti ṣàlàyé fún obìnrin Gàbọ̀n. Ẹnu ni n kò là. Ọmọ yín náà ni mí.

Mo padà sí Topo lánàá. Ọkọ̀ yín wà lábẹ́ àgbọn, mo ti fi tapólì bò ó, Tàǹtí á máa yẹ̀ ẹ́ wò. Gálọ́ọ̀nù tí ẹ gé láti máa fi gbọ́n omi inú ọkọ̀ ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí, n kò gbé e kúrò. Mo fọ ife náà, mo fi gèlè Ìyá wa wé e, mo sì tì í sí àárín àpótí mi. Òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo kó sínú rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Inú ṣì ń bí mi o, ẹ má rò pé ó ti tán. Àwọn arúgbó tó wà lọ́hùn-ún, n kò ní fẹnu kan omi wọn, màá kìlọ̀ fún ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan níbẹ̀ bá gbé omi fún mi, tí kò sì tọ́ ọ wò, màá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, màá sì mu ún tán níṣojú rẹ̀. Òùngbẹ tó gbẹ yín, Bàbá, ó ti tó àwa méjèèjì.

Èmi ni,
ọmọ yín tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.