Ọkọ̀ Funfun Tí Mo Fi Orúkọ Rẹ Rà

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Skogvegen,
Lillehammer,
Norway.
Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kẹta, 2018.

Torleiv, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Orúnkún Màmá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn láìdi ògiri mú? Òtútù ọ̀dọ̀ yín ńkọ́? Níhìn-ín, yìnyín ṣì ga dé ojú fèrèsé. Mo ń béèrè gbogbo èyí bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ mo mọ ohun tí mo ṣe sí ọ. Tuva ọmọ wa ti gbádùn. Ó ti padà sílé ìwé, ó sì ti ń bá gbogbo ayé jiyàn. Mo mọ̀ pé ìròyìn rẹ̀ ni o kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́.

O rántí ọjọ́ Sátidé tí o bá mi lọ wo ọkọ̀ àlòkù méjì, kí n lè yan èyí tí a ó máa sùn sí bí a bá gòkè lọ yọ̀ lórí yìnyín. Halvard ọkọ mi wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ lórí òkun. Ó ní ohunkóhun tí ìwọ mẹkáníìkì wa bá ti fọwọ́ sí, kí n rà á. O dùbúlẹ̀ sínú yìnyín, o fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ àwọn méjèèjì. Èyí aláwọ̀ eérú rí jákujàku, àga rẹ̀ ti ya, inú rẹ̀ ń rùn bí ajá tí òjò pa. Funfun ní tirẹ̀, pákó inú rẹ̀ ń dán, fèrèsé sì wà lókè ibùsùn rẹ̀ tí èèyàn lè máa fi wo ìràwọ̀. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀.

Nígbà tí o dìde, o ní, "Ingunn, jákujàku yìí ni kó o mú. Ẹ̀rọ tó ń mú inú ẹ̀ móoru ò lábùkù. Ti funfun yẹn, páìpù tó ń gbé èéfín ẹ̀ jáde ti dípẹtà."

Mo fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ojú àgbàlagbà ti dé sí ọ, o kò mọ ohun tó rẹwà mọ́. O ní, "Ẹwà ò ní kí èéfín má pa èèyàn. Tó o bá rà á, má tan ẹ̀rọ yẹn o, àfi tí mo bá pààrọ̀ páìpù ẹ̀."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo padà lọ ra funfun. Nígbà tí Halvard dé, mo sọ fún un pé ìwọ lo ní kí n mú un. Mo rò pé n ó yára gbé e wá bá ọ kó tó di pé ẹnikẹ́ni mọ̀, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí pé n kò gba ìmọ̀ràn rẹ. Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta.

Lóṣù Kejì, a gòkè lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òtútù mú débi pé omi dì nínú ife. Halvard ti jáde lọ tún àwọn igi tí a ń dè mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín ṣe. Tuva ní òun kò lè dìde. Torleiv, èmi ni mo tan ẹ̀rọ náà. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Mo ní ìṣẹ́jú díẹ̀ náà ni. Mo ti ilẹ̀kùn, mo lọ pọn omi, mo sì bá obìnrin kan sọ̀rọ̀ lọ́nà. Nígbà tí mo padà, mo pè é, kò dáhùn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, ọrùn rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́ mi. Halvard ló gbé e jáde sínú yìnyín. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ń fún un ní afẹ́fẹ́ nílé ìwòsàn.

Ibẹ̀ ni Halvard ti pè ọ́. Mo dúró tì í nígbà tó ń pariwo pé, "Ṣé ojú ẹ fọ́ ni? O fẹ́ pa mí lọ́mọ!" Mo ń retí kí o tú àṣírí mi. Ohun kan ṣoṣo tí o sọ ni, "Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ti lajú?"

Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ nígbà tí Halvard ròyìn rẹ fún ẹgbẹ́ àwa tí a jọ ń yọ̀ lórí yìnyín, tí èèyàn méjì sì lọ kó ọkọ̀ wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ. Nínú ilé mi ni wọ́n ti ń bú ọ, èmi ni mo ń bu kọfí fún wọn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Tèmi kò tó oṣù méjì. Láàárọ̀ àná, Tuva bi bàbá rẹ̀ nídìí oúnjẹ pé, "Ṣé torí pé ẹ bú Ọ̀gbẹ́ni Torleiv ni wọn ò ṣe wá kí mi?" Halvard ní, "Ẹni tó fẹ́ pa ẹ́ kọ́ ló máa wá kí ẹ." Ọmọ náà bú sẹ́kún. N kò lè gbé e mì mọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, lójú ọmọ.

Halvard bi mí pé, "Ó sọ fún ẹ pé kó o má tan án?"

"Ó sọ fún mi."

Ó jáde, ó lọ ń kó yìnyín ní àgbàlá tí ó ti kó mọ́ tónítóní tẹ́lẹ̀. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Èmi ni mo bú ọmọ ọlọ́mọ. Ìwọ lo jẹ́ kí n bú u." Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ mìíràn àfi nípa ìrìn àjò wa sọ́dọ̀ rẹ.

Mo ti kọ̀wé sí ẹgbẹ́, mo sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kà á sétí gbogbo èèyàn. Bá mi kí Màmá, kí o sì sọ òótọ́ fún wọn nípa mi, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Halvard fúnra rẹ̀ ni yóò mú lẹ́tà yìí wá fún ọ. Jọ̀ọ́, má jẹ́ kó pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Irọ́ mi ló gbọ́. Èmi yóò jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé. Bí o bá fẹ́ rí mi, jáde wá. Bí o kò bá jáde, mo gbà.

Èmi tí ìdákẹ́ rẹ kò tọ́ sí,

Ingunn