Ilé Etí Odò fún Wáìnì Kòtò Ìkookò

Èmi, Honorine Adélaïde Vauchelet, ará abúlé Morzeray lẹ́bàá Beaune, tí mo fi òwò wáìnì jẹun, tí mo sì fi ìwé kíkọ nípa wáìnì ilẹ̀ Faransé gbajúmọ̀, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi, n kò sì tíì fi ẹnu kan ọtí láti àárọ̀. Dókítà ní kí n má fọkàn sí i pé màá rí ìgbà tí ewé tuntun yóò yọ. Mo gbà á gbọ́, nítorí oorun mi ti gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, mo sì máa ń rí òkè wa nínú rẹ̀, tí ìkùukùu bò ó, tí àwọn igi àjàrà ń rọra sọ̀kalẹ̀ lọ mu omi lódò.

Lọ́yà Lhuillery ni mo yàn láti mú ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ṣẹ. Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bá mi tún gbólóhùn mi kọ. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Kìíní. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Beaune, àti gbogbo ìgò tó wà nínú àjà-ilẹ̀ rẹ̀, yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí mò ń kó wáìnì sí, di ti Clotilde, ọmọ àbúrò mi obìnrin, tó ti ń bá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà tó ti parí ilé ìwé. Clotilde mọ ọjà tà jù mí lọ. Èmi máa ń bi oníbàárà pé kí ló fẹ́ sè. Òun máa ń bi í pé ta ló fẹ́ wú lórí. Ọ̀nà tirẹ̀ ló ń mówó wọlé. Ohun tí mo bẹ̀ ẹ́ ni pé kó má ta àwọn ìgò tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré inú àjà-ilẹ̀ náà. Màá sọ ìdí rẹ̀ níwájú.

Kejì. Ife fàdákà pẹlẹbẹ tí bàbá mi fi ń tọ́ wáìnì wò, àti ọ̀pá gíláàsì tó fi ń fà á jáde nínú àgbá, di ti Clotilde pẹ̀lú. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́ yìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó máa ń fi aṣọ dí mi lójú, á sì gbé nǹkan sí mi nímú: òkúta tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, olú, èso ṣẹ́rì, bàtà rẹ̀. Bí mo bá ṣì í, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Tún gbóòórùn rẹ̀, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó ń lé wa." Títí di òní, bí mo bá di ojú tí mo gbé ife sẹ́nu, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó dúró sẹ́yìn mi. N kì í tètè lajú nígbà bẹ́ẹ̀.

Kẹta. Mo fi ohun ìwọn-ooru mi sílẹ̀ fún Gaspard Bréchillet, tó ń ta wáìnì ní òdìkejì títì. Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń fi yìnyín pa wáìnì pupa, tí kì í fẹ́ òtútù púpọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn nígbà kan láì dárúkọ ẹnikẹ́ni, ó sì fi ọdún púpọ̀ kọ̀ láti kí mi. Gaspard, ìbínú rẹ ni gbogbo ìlú fi mọ̀ pé ìwọ ni.

Kẹrin. Kí ajá mi, Filou, máa lọ sọ́dọ̀ Anselme Tupinier, àgbẹ̀ àjàrà. Ó kúkú ń gbé ọ̀hún ju ọ̀dọ̀ mi lọ.

Ibi tí mo dé yìí ló yẹ kí n ti sọ ẹni tí Anselme jẹ́, nítorí pé tìtorí rẹ̀ gan-an ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí. Kò láya, kò bímọ. Èmi náà kò lọ́kọ. Ó ní ọgbà àjàrà kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí à ń pè ní Kòtò Ìkookò. Lọ́dọọdún, bí wáìnì tuntun bá ti wọ inú àgbá, á pè mí. A ó mú àbẹ́là, a ó sọ̀kalẹ̀ sí àjà-ilẹ̀ rẹ̀. Á bu díẹ̀, èmi á tọ́ ọ wò, a ó sì dúró síbẹ̀ láì sọ̀rọ̀, wáìnì á máa hó wúyẹ́wúyẹ́ nínú àgbá. Kò sí ibi tí inú mi ti dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kí n má fi bò: mo fẹ́ràn ọkùnrin náà.

Ojú kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wa há sí. N kì í kọ̀wé nípa wáìnì tí wọ́n bá fi ta mí lọ́rẹ. Àfi kí n rà á. Bí olówò bá ń yin ohun tó gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò gbà á gbọ́? Anselme ní tirẹ̀ kò jẹ́ gbowó lọ́wọ́ mi.

"Tà á fún mi, Anselme."

"Ọwọ́ yín ni kí n ti wá gbowó? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e lọ jàre."

"Mi ò ní lè kọ nǹkan kan nípa rẹ̀ nìyẹn."

"Ẹ má kọ ọ́. Ta ló bẹ̀ yín?"

Mo dọ́gbọ́n rán Clotilde lọ rà á nígbà kan. Anselme wò ó lójú, ó ní, "Bá mi kí àǹtí rẹ. Gba ìgò méjì yìí fún un." Báyìí ni ìgò rẹ̀ ṣe ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ilẹ̀kùn kékeré. Àwọn oníbàárà ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá, ìwé mi lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn gbogbo aládùúgbò rẹ̀, wọ́n sì ń gba iwájú tirẹ̀ kọjá.

Nígbà tí a kórè tán lọ́dún yìí, ó sọ fún mi lẹ́nu géètì pé òun ti bẹ onítírakítọ̀ kan lọ́wẹ̀ láti hú gbogbo àjàrà Kòtò Ìkookò kí òtútù tó lọ. "Ta ló ń bèèrè rẹ̀?" ló wí. "Ẹ̀yin pàápàá, ẹ ò rí nǹkan kan sọ sí i." Àṣé láti ọjọ́ yìí wá, ó rò pé wáìnì òun kò tẹ́ mi lọ́rùn ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Bàbá bàbá rẹ̀ ló gbin àwọn igi náà; bí wọ́n bá hú wọn, kò sí ẹni tí yóò tún mu irú wáìnì yẹn mọ́.

Karùn-ún. Nítorí náà, lẹ́yìn ikú mi, kí ilé mi tó wà létí odò di ti Anselme Tupinier. Lọ́yà, ẹ kà á dáadáa: ẹ̀bùn kọ́. Owó ọjà ni. Mo fi ń san owó gbogbo ìgò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kékeré. Bí ó bá gba kọ́kọ́rọ́, ó ti tà, mo ti rà. Bí ó bá kọ̀ ọ́, kí ẹ fa ẹ̀ka tó tẹ̀ lé e yìí ya, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á.

Kẹfà. Kí Clotilde gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde nínú ìwé ìròyìn pẹ̀lú orúkọ mi:

Mo ti tọ́ wáìnì wò láti Bordeaux dé Alsace, n kò rí irú ti Kòtò Ìkookò. Pupa rẹ̀ kò ki. Ẹni tó ń wá agbára nínú ife lè fojú di í. Kí onítọ̀hún ní sùúrù. Òórùn ṣẹ́rì ló kọ́kọ́ ń jáde, lẹ́yìn náà ti ilẹ̀ tútù, lẹ́yìn náà èéfín ẹ̀ka àjàrà tí a ń sun nígbà òtútù. Bí o bá gbé e mì tán, kò ní lọ lẹ́nu rẹ. Wàá jókòó, wàá máa wo ojú fèrèsé, o ò ní mọ ohun tí ò ń wò. Bí wọ́n bá ní kí n mú ìgò kan péré nínú gbogbo ayé mi, òun ni màá mú. Ẹ lọ rà á lọ́wọ́ Anselme Tupinier ní Morzeray. Ẹ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ gidi, etí rẹ̀ ti ń di.

Àfikún, tí mo kọ ní ọjọ́ kejì. Anselme wá mú Filou rìn jáde láàárọ̀ yìí, ó sì bá ìwé yìí lórí tábìlì. Kò tọrọ àyè kó tó kà á. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Nígbà tó kà á tán, ó ṣí fìlà.

"Òrùlé ilé yẹn ń jò," ló wí.

"Mo mọ̀."

"Wáìnì mi ju ilé tó ń jò lọ."

"Mi ò ní fi kún un. Ṣé o tà á, àbí o ò tà á?"

Ó ń yí fìlà náà po lọ́wọ́. Ó wá fi nu ojú.

"Mo tà á," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n tètè lọ bá onítírakítọ̀ yẹn, kó má wulẹ̀ wá mọ́."

Nítorí náà, mo fagi lé "lẹ́yìn ikú mi" nínú ẹ̀ka karùn-ún. Lọ́yà, kó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lónìí. Clotilde, sáré gbé ẹ̀ka kẹfà lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn. Mo fẹ́ fi ojú ara mi kà á.

Mo fọwọ́ sí i ní Morzeray, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kọkànlá, ọdún 1983.

Honorine Adélaïde Vauchelet

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Bernadette Coursol, olùkọ́
Firmin Aubertot, káfíńtà tó ń kan ilẹ̀kùn àti àgbá wáìnì