Iṣu Ọpẹ́ Tí Adájọ́ Kò Gbà

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tó ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́,

Wọ́n ti dá ẹjọ́ sọ́míìlì o, a sì jàre! Ká ní ẹ ṣì wà láyé ni, ariwo yín ìbá ti gba gbogbo Arámọkọ kan. Ẹ̀rọ ìlagi tó di yín létí ló sọ yín di aláriwo, àwa ará ilé yín kò sì ní àṣírí kankan mọ́ lọ́wọ́ aládùúgbò. Mo ṣì ń rí yín lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹ ń gbọn lẹ́búlẹ́bú pákó kúrò lára fìlà kí ẹ tó dáhùn ìkíni wa.

Adájọ́ ní Àkúrẹ́ ní kò sí agbanisíṣẹ́ tó lẹ́tọ̀ọ́ láti lé òṣìṣẹ́ nítorí pé ó wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní lílé tí wọ́n lé yín kò bófin mu, kí wọ́n gba gbogbo yín padà. Gbogbo yín, Bàbá. Orúkọ yín ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ta ni kí n wá jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé?

Mi ò ní purọ́ fún yín, ojú wa rí nǹkan. Nígbà tí ẹ dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀, tí máníjà lé ẹ̀yin àti gbogbo àwọn tó tẹ̀lé yín, kì í ṣe máníjà làwọn èèyàn ń bú, ẹ̀yin ni. Ẹ ò gbọ́ ìdajì rẹ̀ nítorí etí yín, àmọ́ àwa gbọ́ ọ. Bàbá Ìjerò, tí ẹ jọ ń ti gẹdú sẹ́nu ẹ̀rọ, tí wọ́n fi ọdún púpọ̀ jù yín lọ, sọ ọ́ lójú ọjà pé ẹ da yẹ̀pẹ̀ sí gàrí àwọn. Àbíkẹ́yìn wọn kúrò níléèwé lọ́dún náà. Nígbà tí a sin yín, wọn ò yọjú. Ṣé ẹ mọ̀ pé inú ń bí wọn tó bẹ́ẹ̀? Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn látìgbà náà nìyẹn: ṣé ọlọ́gbọ́n ni bàbá mi ni, àbí alágídí tó kó ọmọ ọlọ́mọ sínú ebi?

Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn yín tí wọ́n lé pẹ̀lú yín ṣe. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kejì ìdájọ́, wọ́n kó iṣu tó dára jù lóko wọn àti àkùkọ ńlá kan sínú ọkọ̀, ó di Àkúrẹ́, wọ́n fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́! Bàbá Ìjerò wà lára wọn. Mo bá wọn lọ. Akọ̀wé kóòtù fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú. Lọ́yà wa di orí mú. Wọ́n ní ká yáa kó o kúrò níbẹ̀ kí ayé má baà sọ pé rìbá ni, pé adájọ́ kò ṣe wá lóore kankan, ẹ̀tọ́ wa ló fún wa. Àkùkọ náà sì ń kọ ní gbàgede kóòtù. Ẹ̀rín pa mí, orí mi sì wú, nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ yìí gan-an lẹ ń pariwo rẹ̀ kí wọ́n tó lé yín.

Ṣé a tún máa ń gbé ohun ọpẹ́ padà sílé ni? A gbé e títí a fi dé Adó. Ibẹ̀ ni Bàbá Ìjerò ti sọ fún dẹ́rẹ́bà pé ilé yín ni kó yà sí.

Màmá mi ń gbálẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Wọ́n ń bèèrè ẹni tó ni uṣu tó pọ̀ báyìí. Bàbá Ìjerò to iṣu náà sí ẹ̀gbẹ́ sàréè yín lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àgbàlagbà tó jù yín lọ, tó bú yín lójú ọjà, àyà wọn kan ilẹ̀ níwájú yín.

Ó yẹ kí n sáré gbé wọn dìde; bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe kọ́ mi. Mo dúró. Mo fẹ́ kí ẹ rí i tẹ́rùntẹ́rùn kí n tó nawọ́ sí wọn.

Èmi ni,
Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń fi yín yangàn.