Ibi Tí Àgbàdo Màámi Yóò Sùn

Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ìlú òtútù yìí. Ẹ bá mi kí Bàbá Ẹdúnàbọ̀n, àbúrò bàbá wa. Ẹ bá mi kí Kọ́lá àbúrò mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí i. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà kí gbogbo yín lè jọ kà á, nítorí pé bí mo bá pè yín, gbogbo yín ní ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, káàdì mi á tán, ọ̀rọ̀ ò ní tíì kúrò lójú kan.

Màámi, pálọ̀ lẹ ń sùn. Yàrá yín ti di ilé àpò àgbàdo, eruku rẹ̀ ń mú yín wúkọ́, eku ń sáré lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo rà fún yín. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Níbí, iṣẹ́ mi ni kí n máa to ẹrù àwọn tí n kò mọ̀ rí sínú ilé ńlá kan, kí omi má kàn án, kí eku má dé ibẹ̀. Yìnyín ń bọ́ níta, ẹrù wọn gbẹ. Tí mo bá délé, n kì í rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Àgbàdo yín ni mo máa ń rò.

Mo ní kí Kọ́lá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ yàrá kékeré sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ní kọ̀ntẹ́nà onírin ló pọ́ọ́kú, pé tí a bá kó lọ, a ó gbé e dání. Mo bi í pé ta ló fẹ́ kó kúrò nílé bàbá rẹ̀? Ó ní èmi ará òkè-òkun, kí ni mo mọ̀ nípa ilé mọ́? Ó ra kọ̀ntẹ́nà àlòkù, ó gbé e sínú oòrùn gbalasa. Lọ́sàn-án ó ń gbóná bí ààrò. Lóru òrùlé rẹ̀ ń làágùn, ó ń kán sórí àpò. Àpò mẹ́fà ló bu, ẹ tún kó ìyókù padà sí yàrá yín. Àwọn oníbàárà yín ní Sábó ní adìẹ àwọn pàápàá kò ní jẹ ẹ́. Ẹ ro owó àgbàdo náà pọ̀ mọ́ ti kọ̀ntẹ́nà, ì bá kọ́ yàrá ọ̀hún kan òrùlé. Pọ́ọ́kú Kọ́lá ti di ọ̀wọ́n.

Ó tún ní kí á fi pákó kàn án. Pákó kẹ̀! Ikán àdúgbò wa Òkè-Ogbó tó jẹ fèrèsé ilé ìdáná wa, ta ló sọ fún un pé ó ti yó?

Ibi kan ṣoṣo tí àgbàrá kì í dé nínú ọgbà wa ni ẹ̀gbẹ́ sàréè Bàbá, ibẹ̀ ni mo ní kí a kọ́ yàrá náà sí. Bàbá Ẹdúnàbọ̀n gbọ́, wọ́n fárígá. Wọ́n ní ta ló ń gbé ẹrù lé àgbà lórí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n: ṣé orí táìlì sàréè yẹn kọ́ ni gbogbo àdúgbò ń sá èlùbọ́ sí? Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni àwọn fúnra wọn ń jókòó sí ta ayò tí wọ́n bá wá kí wa? Èlùbọ́ orí rẹ̀ ò wúwo, àgbàdo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló wúwo?

Bí a ṣe ń fà á nìyẹn títí Kọ́lá fi sọ fún mi ohun tí ẹ wí. Ó ní ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹ kàn ní láyé Bàbá, àwọn ló ń bá yín ru àpò láti oko dé títì, wọn ò ráhùn rí. Ẹ ní tí ẹ bá gbé àgbàdo sí tòsí wọn, wọn á bá yín ṣọ́ ọ. Kọ́lá ní Bàbá Ẹdúnàbọ̀n wá ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ògiri má kan sàréè.

Kò ní kàn án. Kí Kọ́lá ta kọ̀ntẹ́nà náà, kó fi ra búlọ́ọ̀kù. Owó tó kù, ọwọ́ bíríkìlà ni n ó fi ránṣẹ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ Kọ́lá. Kí wọ́n gbé ilẹ̀ rẹ̀ sókè, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì sí fèrèsé, kí wọ́n to búlọ́ọ̀kù sábẹ́ àpò. Kí páànù iwájú gùn jáde kó bo sàréè, kí òjò má pa Bàbá mọ́. Èlùbọ́ á wá oòrùn lọ síbòmíràn.

Kí ẹ̀yin sì padà sí yàrá yín, Màámi. Ọlọ́run á jẹ́ kí oorun yín dùn níbẹ̀, ikọ́ ò ní gbé yín dè. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn tó ni èlùbọ́ náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́sẹ̀