Mo Fẹ́ Gbé Apá Yín Báyìí

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù Kẹta

Ìwé, má bínú. Èmi kọ́ ló yẹ kó máa kọ nǹkan sínú rẹ. Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí kì í lè nawọ́ ní kíláàsì, kí ni mo fẹ́ wí? Ṣùgbọ́n bí n kò bá bá ọ sọ ọ́, n óò bá ẹni tí kò yẹ sọ ọ́. Mo mọ ara mi.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Wọ́n ti yàn mí ṣe aṣojú lọ sí àpéjọ ẹgbẹ́ àwa tí à ń tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn. Àǹtí Bàtà ló fa orúkọ mi kalẹ̀ — èmi ni mo fún wọn lórúkọ yẹn, torí bàtà ọkùnrin ni wọ́n ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Wọ́n ní bàtà obìnrin kò ṣeé fi gbé ènìyàn. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹlòmíràn." Wọ́n ní, "Ta ni? Gbogbo àwọn yòókù ló lọ́mọ nílé. Ìwọ, ìwé nìkan lo gbé pọ̀n." Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n nawọ́. Ó parí.

Kọ́kọ́rọ́ kò gbọdọ̀ gbọ́. (Ọ̀gá wa. Ìdì kọ́kọ́rọ́ ilé gbogbo àwọn arúgbó wà ní ìbàdí rẹ̀. O ó ti gbọ́ ìró rẹ̀ kó tó yọ.) Ó ti kìlọ̀ fún gbogbo wa: ẹni tó bá bá ẹgbẹ́ rìn, kó má padà wá. Bó bá gba kọ́kọ́rọ́ ilé Màmá Fèrèsé, arúgbó tí mò ń tọ́jú, lọ́wọ́ mi, n kò ní rí Màmá mọ́ nìyẹn. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo purọ́ fún Kọ́kọ́rọ́ pé mo ní ìdánwò láti Ọjọ́bọ̀ títí di Àbámẹ́ta. Ó wò mí. "Ìdánwò ọjọ́ Àbámẹ́ta?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí n yege. Ìwé, bí ìdánwò gidi bá dé tí mo fìdí rẹmi, àdúrà yẹn ni mo ti fi ṣòfò.

Ẹni tó máa dúró fún mi lọ́dọ̀ Màmá ni Etí Ọ̀gá. Ẹlẹgbẹ́ wa kan, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá sọ níwájú rẹ̀, wọ́n ní Kọ́kọ́rọ́ á ti gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó fojú rí i o. Gbogbo wa la ṣáà gbà á gbọ́.

Ọjọ́rú, 5

Mo ti ba nǹkan jẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí Àǹtí Bàtà kọ́ mi nínú iṣẹ́ yìí ni pé a kì í déédé fọwọ́ kan arúgbó. A máa ń wí i ká tó ṣe é. "Màmá, mo fẹ́ gbé apá yín báyìí." "Màmá, omi ń bọ̀ lẹ́yìn yín, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́." Màmá Fèrèsé kò ríran mọ́; ìdí fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí torí oòrùn. Bí o kò bá wí, wọ́n á figbe ta. Bí o bá wí, wọ́n á béèrè pé, "Ṣé kò ní dùn mí?" O ó ní, "Kò ní dùn yín." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó máa jọ̀wọ́ ara wọn fún ọ.

Ó ti mọ́ mi lára jù. Mo ń wí i kí n tó fa kọ́tìnì. Mo ń wí i kí n tó sín, bí mo bá ráyè. Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń nu ẹsẹ̀ wọn, ẹnu mi ní: "Màmá, mo fẹ́ lọ sí àpéjọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́la. Ọ̀gá ò mọ̀."

Màmá ní, "Ṣé kò ní dùn mí?"

Mo ní kò ní dùn yín.

Ẹyin lohùn. Ó ti balẹ̀, ó ti fọ́. Màmá kì í pa nǹkan mọ́. Ohun tí ọmọ wọn sọ nípa dókítà, dókítà ni wọ́n sọ ọ́ fún. Lọ́la, Etí Ọ̀gá ni yóò jókòó tì wọ́n.

Ọjọ́bọ̀, 6

Gbọ̀ngàn. Àga, àga, àga. N kò mọ̀ pé a pọ̀ tó báyìí — kálukú wa nínú ilé onílé, o lè ṣiṣẹ́ yìí títí láì rí ẹlẹgbẹ́ rẹ. Obìnrin kan wọlé, kọ́kọ́rọ́ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ abẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá bírò. Kì í ṣe òun. Àǹtí Bàtà ní, "Kí ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ?" Mo ní ọkàn mi ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Àǹtí ní èmi ni n óò ti àbá wa lẹ́yìn lọ́la, lórí máíkì: pé kí ènìyàn méjì máa gbé ẹni tí kò lè dá dìde, kí a yé dá a gbé. Àǹtí fúnra wọn ló yẹ kí wọ́n sọ ọ́. Dídá ènìyàn gbé ló ba ẹ̀yìn wọn jẹ́. Wọ́n ní bí àwọn bá sọ ọ́, àwọn ènìyàn á ní arúgbó ń ráhùn. "Ìwọ ṣì ní ẹ̀yìn. Jẹ́ kí wọ́n rí ohun tí wọ́n fẹ́ bàjẹ́."

Mo kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo fà á ya. Kọ́kọ́rọ́ kò pè mí rárá, ìdákẹ́ rẹ̀ sì burú ju ariwo lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Wọ́n pè wá. Mo dé ìdí máíkì, gbogbo ohun tí mo há sórí fò lọ. Máíkì ga jù fún mi. Mo ní — n kò mọ ibi tó ti wá — "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fa máíkì yìí wálẹ̀ díẹ̀ báyìí."

Ohùn ọkùnrin kan tó ki dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ṣé kò ní dùn mí?"

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n! Gbogbo wọn, nínú ilé onílé!

Mo ní, "Kò ní dùn yín." Ẹnu mi wá ṣí. Mo ní bí mo bá dá màmá mi gbé, apá mi máa ń gbọ̀n, wọ́n sì ń mọ̀ ọ́n lára. Wọ́n á bi mí bóyá kò ní dùn wọ́n, n óò ní kò ní dùn, irọ́ ni mò ń pa. "Ẹ jẹ́ ká di méjì, kí n lè yé purọ́ fún wọn."

Ọwọ́ nà sókè. Àbá wọlé. Àǹtí Bàtà ń sunkún, wọ́n ní eruku ni.

Ẹnìkan ń ya fọ́tò. Ojú mi gan-an ló kọ ọ́ sí.

Ọjọ́ Àìkú, 9

Kọ́kọ́rọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. "Wá rí mi lọ́la lẹ́yìn iṣẹ́." Kò kí mi. Kò béèrè ìdánwò.

Ọjọ́ Ajé, 10

Etí Ọ̀gá ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí mo dé ilé Màmá. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi nídìí síìnkì. Ó ní, "Màmá ti sọ fún mi."

Mo béèrè pé láti ìgbà wo.

"Láti Ọjọ́bọ̀. Mi ò tíì bọ́ kóòtù lọ́rùn. Wọ́n ní ọmọ àwọn lọ sí ẹgbẹ́, pé kò ní dùn àwọn."

Mo bi í bóyá ó ti sọ fún ọ̀gá. Ó yíjú, ó na ọwọ́ sí mi. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú, báńdéèjì yí i ká. Ó ní òun dá Màmá gbé kúrò ní balùwẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ẹsẹ̀ yọ̀ nígbà tí àwọn dé ìdí ibùsùn, àwọn méjèèjì jọ ṣubú sórí rẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe Màmá. Ọwọ́ òun ló wà nísàlẹ̀. "Bí mo bá sọ fún ọ̀gá, á ní mi ò mọṣẹ́." Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́: "Níbo lẹ ti ń pàdé?"

Ìdẹkùn ni? Ọ̀gá lè ti rán an. Ọwọ́ tó wú kò parọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè lè jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Mo ní, "Àǹtí, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín báyìí."

Wọ́n ní, "Ṣé kò ní dùn mí?" Wọn kò rẹ́rìn-ín.

N kò lè ní kò ní dùn yín. Mo ní, "Mi ò mọ̀." Mo sọ ibi tí à ń pàdé fún wọn.

Lẹ́yìn náà a jọ gbé Màmá lọ sídìí fèrèsé, àwa méjèèjì, Àǹtí ọlọ́wọ́ wíwú ń lo ọwọ́ òsì. Màmá ní, "Apá yín ò gbọ̀n lónìí."

Ìjókòó ìta ọ́fíìsì Kọ́kọ́rọ́ ni mo wà báyìí. Mò ń gbọ́ ìdì kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bó bá béèrè tèmi, n óò jẹ́wọ́. Ti ọlọ́wọ́ wíwú yẹn kọ́ — n kò ní pè wọ́n ní Etí Ọ̀gá mọ́ — ti wọn, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún. Jọ̀ọ́, bá mi pa á mọ́, bí wọ́n tilẹ̀ já ọ gbà lọ́wọ́ mi.

Ìró náà ń bọ̀. Ìwé, mo fẹ́ pa ọ́ dé báyìí.