Nyande Sọ̀rọ̀ Níwájú Adájọ́

Tenneh ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Freetown? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òkun ibẹ̀ gbé yín, kò sì ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ bínú sí ọ. Ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́, kòkó ti ń pọ́n, ewúrẹ́ dúdú sì bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ Nyande àbúrò rẹ ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Nígbà òjò, ó sọ fún ìyá yín pé Lahai, ọmọ àbúrò bàbá mi tí a jọ ń dáko, ń bá òun ṣe ohun tí àgbàlagbà kì í bá ọmọdé ṣe. A gba ọmọ gbọ́. Ni Pa Vandi olórí ìlú bá fa àgbò wá, ó ní Bockarie, ẹbí ni yín, jẹ́ ká parí ẹ̀ nílé, ta ló máa fẹ́ ọmọbìnrin yìí lọ́la bí ayé bá gbọ́? Mo ní ẹ fa àgbò yín padà, mo ti gbọ́ lórí rédíò pé òfin ò gbà kí a parí irú ẹ̀ nílé mọ́.

Mo wọ ẹ̀wù ọdún mi, mo bọ́ bàtà, mo fi fóònù pe ìjọba. Nọ́ńbà tí wọ́n kà lórí rédíò ọ̀hún kì í jẹ owó. Obìnrin kan ló gbé e, mo tẹrí ba, mo kí i dáadáa, mo sì béèrè bóyá Ìjọba ọkọ rẹ̀ ti jí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá, Ìjọba ò fẹ́ mi o, iṣẹ́ ni mò ń ṣe níbí, ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Lọ́jọ́ kejì àwọn ọlọ́pàá obìnrin dé, wọ́n mú Lahai.

Ní kóòtù Kenema, wọ́n lé èrò jáde, wọ́n fi Nyande sí yàrá mìíràn kí ojú rẹ̀ má bàa kan ti Lahai, inú tẹlifíṣọ̀n la ti ń wò ó. Adájọ́ bi í léèrè, tẹlifíṣọ̀n sì dáhùn! Ti ilé Pa Vandi kì í dá wa lóhùn, bó ti wù kí a pariwo tó nígbà bọ́ọ̀lù. Mo juwọ́ sí i, wọ́n ní kí n jókòó. Lọ́yà Lahai ní ṣebí irọ́ lo ń pa. Nyande ní rárá sà, èmi ló ṣẹlẹ̀ sí, ẹ̀yin ò sí níbẹ̀. Tenneh, orí mi wú!

Adájọ́ dá Lahai lẹ́bi, ó ti wà lẹ́wọ̀n, yóò sì pẹ́ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kì í dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí i. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò ṣíwọ́ kíkí i. Pa Vandi fúnra rẹ̀ wá gba nọ́ńbà ìjọba yẹn lọ́wọ́ mi, ó ní òun náà ní ọmọ-ọmọ.

Nyande ti padà sí ilé ìwé, aṣọ ilé ìwé rẹ̀ ti kéré, jọ̀ọ́ fi owó ránṣẹ́. Adájọ́ yẹn, obìnrin ni, irun àgùntàn funfun ló dé sórí nínú ooru yìí, Nyande sì ní iṣẹ́ rẹ̀ lòun máa ṣe. Bá wa béèrè iye tí wọ́n ń ta irun náà ní Freetown, ká tètè rà á sílẹ̀ kó tó wọ́n.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tí ojú mi ò dé.

Èmi ni bàbá yín,
Bockarie